Gbígbọ́ Kí A Tó Sọ̀rọ̀: Àdúrà Ojoojúmọ́ Pẹ̀lú Ìwé Mímọ́

Ẹ kà kí ẹ tó wá sí ẹ̀kọ́: 1 Sámúẹ́lì 1,1-20, 3,1-20, 4,1-11, Máàkù 1,29-39.



Ní ọjọ́ tí Ìjọ gbà yín sí ipò àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ Ìrìbọmi, a fi àmì àgbélébùú sí yín níwájú orí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, a tún fi í sí etí yín, sí ojú, sí ètè, sí àyà àti sí èjìká. Ẹ kíyè sí ètò náà: etí ṣáájú ètè. A bẹ Ọlọ́run kí ó ṣí etí yín láti gbọ́ ohùn rẹ̀, kí a tó bẹ̀ ẹ́ fún ẹnu tí yóò dá a lóhùn. Mo ń rán yín létí èyí nítorí ìbéèrè kan tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wà ní ipò yín. Wọ́n máa ń bi wá pé: “Kí ni kí n máa wí nígbà tí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà?” Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ta ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nínú àdúrà, àwa ni tàbí Ọlọ́run?

Àdúrà kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé sí Ouidah ní ọdún 1861, àwọn baba wa ti ń jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ń fi omi tútù wúre fún ọmọ, wọ́n ń tọrọ àlàáfíà, oúnjẹ àti ọ̀nà tó là. Ẹnu kò wọ́n wa. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àgbàlagbà kan tó ń wúre ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ìgbàgbọ́ tí ẹ ń bọ̀ wá gbà ni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti ṣáájú wa sọ̀rọ̀. Ó bá àwọn baba ńlá Ísírẹ́lì sọ̀rọ̀, ó rán àwọn wòlíì, ní ìkẹyìn ó rán Ọmọ rẹ̀ tí í ṣe Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Ní ilé wa, ọmọ ni ó ń lọ kí baba ní òwúrọ̀. Ọmọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin a kúnlẹ̀, baba a sì dáhùn. Nínú àdúrà Kristẹni, Baba ni ó ti kọ́kọ́ jí, tí ó ti pe ọmọ lórúkọ kí ọmọ tó la ojú. Gbogbo ohun tí àwa bá ń wí, ìdáhùn ni.

Nítorí náà ni Ìjọ ṣe ń fi Ìwé Mímọ́ lé yín lọ́wọ́. Àpéjọ Vatican Kejì kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1965 pé kí àdúrà máa bá kíkà Ìwé Mímọ́ rìn, kí ó lè di ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàrin Ọlọ́run àti ènìyàn. Nígbà tí Póòpù Benedict kẹrìndínlógún wá sí ilẹ̀ Benin ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, tí ó sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ sí àwọn ọmọ Áfíríkà ní Ouidah, ó rọ̀ wá nínú rẹ̀ pé kí olúkúlùkù onígbàgbọ́ sọ kíkà Bíbélì lójoojúmọ́ di àṣà rẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé: Bíbélì tóbi, níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Ìjọ kò fi yín sílẹ̀ láti máa wá ọ̀nà fúnra yín. Láti ọdún 1969 ni ètò tuntun ti wà fún ìwé kíkà tí a ń lò ní Mísà. Kíkà ọjọ́ Àìkú ń yí po ní ọdún mẹ́ta, kíkà kìíní ti ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ń yí po ní ọdún méjì, Ìhìnrere kan náà sì ń padà wá lọ́dọọdún fún wọn. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé ohun tí ó ń kà ní Àjàṣẹ́ ní òwúrọ̀ yìí ni wọ́n ń kà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Róòmù àti ní ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn tí a kò tíì rí rí. Èrè mìíràn wà níbẹ̀ tí èmi fẹ́ràn jùlọ: a kì í yan èyí tó wù wá. Bí ó bá ṣe tiwa ni, Sáàmù tó ń bú àwọn ọ̀tá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá máa kà láti Oṣù Kìíní títí dé Oṣù Kejìlá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀sẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọdún Ìrìbọmi Olúwa ni, ní Oṣù Kìíní, lẹ́yìn tí a bá ti parí ọdún Ìbí Olúwa. Ní ọdún tí ònkà rẹ̀ pín sí méjì dọ́gba, bí 2024 tàbí 2026, ìwé Sámúẹ́lì kìíní ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, pẹ̀lú Ìhìnrere ti Máàkù.

Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti Hánà. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bí ọmọ; orogún rẹ̀ bí, ó sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà lọ́dọọdún tí wọ́n bá gòkè lọ sí Ṣílò láti rúbọ. Kò sí ìdí láti ṣàlàyé ìrora yìí fún obìnrin ilẹ̀ wa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni bí ó ṣe gbàdúrà. Kò wá ọ̀rọ̀ tó dùn. Ó sunkún, ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún Olúwa gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn, tó bẹ́ẹ̀ tí àlùfáà Élì fi rò pé ọtí ló mu. Lẹ́yìn náà ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́. Ẹ kíyè sí i pé kò tíì lóyún nígbà náà. Ojú rẹ̀ ti yí padà kí ohun tí ó tọrọ tó dé.

Ọjọ́rú ni a wá kan ọmọ tí a bí fún un, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa yóò sì dúró pẹ́ sí.

Ọmọ náà ń sùn nínú tẹ́ḿpìlì níbi tí Àpótí Ọlọ́run wà. Fìtílà kò tíì kú. Élì ti darúgbó, kò ríran dáadáa mọ́. Ìwé Mímọ́ fi kún un pé ní àkókò náà, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn Olúwa. Ọlọ́run pe Sámúẹ́lì. Ọmọ náà dìde, ó sáré tọ Élì lọ, ó rò pé òun ló pè é. Élì ní òun kò pè é, kí ó padà lọ sùn. Ìgbà kejì rí bẹ́ẹ̀, ìgbà kẹta rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà kẹta ni ó tó yé arúgbó náà pé Olúwa ni ó ń pe ọmọ, ó sì kọ́ ọ ní ìdáhùn: bí a bá tún pè ọ́, sọ pé kí Olúwa máa wí, nítorí pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ń gbọ́.

Sámúẹ́lì ń gbé inú ilé Ọlọ́run. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní òwúrọ̀. Síbẹ̀, Ìwé Mímọ́ sọ gbangba pé kò tíì mọ Olúwa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wá sí Mísà fún ọdún kan, ọdún méjì, tí ẹ mọ ìgbà tí a ń dìde àti ìgbà tí a ń kúnlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bí yín nínú. Kì í ṣe ẹ̀gàn. Ó ń sọ fún wa pé ènìyàn lè wà nítòsí púpọ̀ kí ó má sì tíì gbọ́, àti pé Ọlọ́run kò bínú nítorí náà. Ó ń pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún ń sọ fún wa pé a kì í dá ohùn Ọlọ́run mọ̀ ní àwa nìkan. Sámúẹ́lì nílò Élì, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ṣú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì wúlò. Ẹ̀yin náà ní Élì tiyín: baba tàbí ìyá ìsàmì yín, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ yín, àlùfáà yín. Wọn kò pé. Ẹ lọ bá wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí kíkà Mísà fò kọjá nítorí gígùn rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ka orí náà tán nílé. Kí ni Olúwa sọ fún ọmọ náà lẹ́yìn tí ó dáhùn? Kò sọ fún un pé yóò di ẹni ńlá, bẹ́ẹ̀ ni kò fi orúkọ ọ̀tá kankan hàn án. Ó sọ fún un pé ìdájọ́ ń bọ̀ lórí ilé Élì, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, nítorí ìwà àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò bá wí. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ ọ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lójoojúmọ́, ọjọ́ kan yóò dé tí ẹ óò gbọ́ ohun tí ẹ kò fẹ́ gbọ́: nípa gbèsè tí ẹ kò san, nípa arákùnrin tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà ìjà ilẹ̀, nípa ìyàwó tàbí ọkọ tí ẹ ń fi ọwọ́ líle mú. Nígbà náà ẹ óò mọ̀ pé kì í ṣe ọkàn yín ló ń dá yín lóhùn, nítorí ọkàn wa kì í sábà dá wa lẹ́bi ní kùtùkùtù òwúrọ̀.

Ìhìnrere ọjọ́ náà kan náà mú wa lọ sí Kapanáúmù. Ní alẹ́, gbogbo ìlú kó àwọn aláìsàn wá sí ẹnu ọ̀nà ilé Símónì. Jésù wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ sàn. Ẹni tí ó bá ti ta ọjà láti àárọ̀ dé alẹ́ mọ̀ bí ara ṣe ń rí lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó dìde nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, ó jáde lọ sí ibi tí ó dá, ó ń gbàdúrà níbẹ̀. Símónì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá a kiri, wọ́n ní gbogbo ènìyàn ń béèrè rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, gbogbo ayé ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ó ti bá Baba rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì mọ ibi tí a rán an lọ. Bí Ọmọ Ọlọ́run kò bá fi ìwọ̀nba àkókò yìí sílẹ̀ nítorí iṣẹ́, kí ni àwa yóò sọ?

Ní Ọjọ́bọ̀, kíkà náà yí padà lójijì. Ogun dé. Àwọn Fílístínì pa nǹkan bí ẹgbàajì ènìyàn nínú Ísírẹ́lì. Àwọn àgbààgbà béèrè ìdí tí Olúwa fi jẹ́ kí a ṣẹ́gun àwọn lónìí. Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí a lọ gbé Àpótí Májẹ̀mú wá láti Ṣílò kí ó lè gba àwọn. Wọ́n gbé e wá, wọ́n hó títí ilẹ̀ fi mì, ẹ̀rù ba ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ni ìṣubú tó ju ti àkọ́kọ́ lọ dé: ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn kú, a sì gba Àpótí náà lọ́wọ́ wọn. Àpótí yìí kan náà ni Sámúẹ́lì sùn tì nígbà tí ó gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Ọmọ náà gbọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbààgbà fi í ṣe oògùn ogun.

Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ gbangba lórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọsẹ̀.

Ní òru kan, ara ọmọ gbóná. Ìyá àgbà jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ẹní, kò tíì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: kí a lọ béèrè. Kí babaláwo dá ifá, kí a mọ ohun tó fà á, kí a mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sọ ọ́ nítorí ìkà. Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti ṣe fún ìyá rẹ̀. Kíni ẹni tó ń múra de Ìrìbọmi yóò ṣe? Ohun kìíní, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní òru náà, ẹ má ṣe dúró de ìdájí. Ibà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun kejì, ẹ gbàdúrà ní ojú ọ̀nà, bí Hánà, pẹ̀lú ẹkún bí ẹkún bá wà. Ẹ má ṣe bú ìyá àgbà, ẹ má ṣe pè é ní kèfèrí níwájú àwọn ọmọ. Ẹ lè sọ fún un pé: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ ná. Ọlọ́run ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́.” Ìwé Kátíkísìmù ti Ìjọ, ní ònkà 2116, kọ gbogbo irú àyẹ̀wò láti mọ ohun tó pamọ́, nítorí pé nínú wọn a ń wá agbára lórí àkókò àti lórí ọjọ́ ọ̀la, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run tó fẹ́ràn wa nìkan ni ó yẹ kí a fi wọ́n sí.

Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tó fara pamọ́ ju ìyẹn lọ. Àwọn mìíràn wà tí kò lọ sọ́dọ̀ babaláwo mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti sọ Bíbélì di ọ̀pẹ̀lẹ̀. Wọ́n a di ojú, wọ́n a ṣí i níbikíbi, wọ́n a fi ìka lé ẹsẹ kan, wọ́n a ní ohun tí Ọlọ́run sọ nípa ìrìn àjò tàbí ìgbéyàwó náà nìyẹn. Wọ́n a fi Bíbélì sí abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ láìkà á. Wọ́n a ka Sáàmù kan ní iye ìgbà tí ẹnì kan pa láṣẹ, sórí omi, kí ọjà lè tà. Ìwà Ọjọ́bọ̀ nìyẹn: a gbé Àpótí lọ sójú ogun, a kò sì béèrè ohun tí Olúwa tó ni ín fẹ́. Babaláwo ń dá ifá láti mọ èyí tí yóò ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í sábà sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó ń sọ ẹni tí Ọlọ́run jẹ́ àti irú ẹni tí ó ń pè mí láti jẹ́, ohunkóhun tí ìbáà ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ẹ̀kọ́ kan tó gbọ́n lè tako mi níhìn-ín pé: “Augustin Mímọ́ ńkọ́?” Òtítọ́ ni. Ọmọ Áfíríkà ni, a bí i ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí. Láti ìgbà ọmọdé ni wọ́n ti fi í sí ipò àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ Ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ó ń fà á sẹ́yìn títí ó fi pé ọmọ ọdún 32. Ní ọdún 386, nínú ọgbà kan ní Milan, ó ń sunkún nítorí ìwà rẹ̀ tí kò lè fi sílẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ọmọdé kan tó ń kọrin pé kí a mú, kí a kà. Ó ṣí ìwé Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sí àwọn ará Róòmù, ó ka ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí, ní orí kẹtàlá, ọkàn rẹ̀ sì fara balẹ̀. A rì í bọmi ní òru Àjíǹde ní ọdún 387. Ẹ wò ó dáadáa: kò ṣí ìwé náà láti mọ bí ọ̀nà yóò ṣe rí. Ó ti ń gbọ́ ìwàásù Ambroise Mímọ́ tipẹ́, ó ti ń ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù náà lẹ́sẹẹsẹ, ohun tí ó sì kà pàṣẹ fún un láti yí ìwà padà. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n béèrè nípa àwọn tó ń fi ojú ìwé Ìhìnrere wá àmì fún ọ̀ràn ayé, ó dáhùn pé èyí sàn ju kí wọ́n sáré lọ bá àwọn ẹ̀mí àìmọ́, síbẹ̀ àṣà náà kò dùn mọ́ òun nínú. Ìdájọ́ tó ní àánú nìyẹn, èmi kò sì ní fi nǹkan kan kún un.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é, nígbà náà? Kò le. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Guigo, ẹlẹ́sìn kan ní ilẹ̀ Faransé, fi í wé àkàbà tí ó ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti dídákẹ́ wo Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ka ìgbésẹ̀ bí ẹni tó ń ka owó sẹ́fà.

Ẹ yan àkókò kan tí ẹ lè pa mọ́, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Fún ìyá tó ń dáná ní àkùkọ ìdájí, ó lè jẹ́ kí ó tó dá iná. Fún ẹni tó ń fi zẹ́mì ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ ní oríta, kí èrò àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ ṣe àmì àgbélébùú, ẹ bẹ Ẹ̀mí Mímọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ka Ìhìnrere ọjọ́ náà sókè, díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ọ̀rọ̀ kan bá mú yín, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wo màlúù àwọn Fúlàní ní ọ̀sán, nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ sí abẹ́ igi: ohun tí wọ́n ti jẹ láti àárọ̀ ni wọ́n tún ń mú padà wá sí ẹnu, tí wọ́n ń jẹ ní àjẹtúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ mú un lọ sí oko, sí ọjà. Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́, nígbà náà ni kí ẹ dáhùn: ẹ dúpẹ́, ẹ tọrọ ìdáríjì, ẹ bẹ̀bẹ̀, ẹ ráhùn bí Hánà. Ẹ fi àdúrà tí Olúwa kọ́ wa parí rẹ̀. Ní alẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ náà rí àyè kankan nínú ọjọ́ yín.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ka ìwé ní èdè Faransé ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ kò sì kọ́ láti ka Yorùbá. Ẹ má ṣe tijú. Ẹ kà á ní Faransé, lẹ́yìn náà ẹ pa ìwé dé, kí ẹ fi Yorùbá ilé yín sọ ọ́ jáde bí ẹni ń ròyìn fún ọmọdé. Ibi tí ẹ kò bá ti rí ọ̀rọ̀ sọ, ibẹ̀ ni òye yín kò tíì dé. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá kò pàdánù nǹkan kan: Sámúẹ́lì kò ka ohunkóhun ní òru náà. Ọmọ ilé lè kà á fún un. Bí kò bá sí ẹni tí yóò kà, kí ó di gbólóhùn kan mú láti inú Ìhìnrere ọjọ́ Àìkú, kí ó sì máa gbé e yẹ̀ wò títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po. Mo ti mọ àwọn ìyá tí kò lè kọ orúkọ wọn, tí wọ́n sì ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀ dáadáa ju èmi tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ yìí lọ.

Oorun yóò kùn yín. Ọkàn yín yóò sá lọ sí ọ̀rọ̀ àjọ tí ẹ kò tíì dá. Ọjọ́ púpọ̀ yóò wà tí ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ náà láìbínú sí ara yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sámúẹ́lì dìde lọ sí ibi tí kò yẹ kó lọ, ìgbà gbogbo ni a sì ní kí ó padà lọ dùbúlẹ̀ sí ipò rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Láti ọ̀la títí di Àbámẹ́ta, ẹ ka ìpín kan lójúmọ́ láti inú Máàkù, láti 1,14 títí dé 2,17, bí Mísà ọ̀sẹ̀ náà ti pín in. Ẹ wá sí ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mú yín dúró. A kò ní béèrè àlàyé. A ó kàn jókòó yípo, olúkúlùkù yóò sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àwọn yòókù yóò sì gbọ́. Ẹ fi àmì sí ojú ewé tí Jòhánù 4, 9 àti 11 wà nínú Bíbélì yín pẹ̀lú: obìnrin ará Samáríà, ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, àti Lásárù. Àwọn ni a óò kà fún yín ní ọjọ́ Àìkú kẹta, kẹrin àti ìkarùn-ún nínú àwẹ̀ Ogójì ọdún tí ẹ óò gba Ìrìbọmi, nígbà tí Ìjọ bá ń gbàdúrà lórí yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n nísinsìnyí, kí wọ́n má bàa jẹ́ àjèjì sí yín ní ọjọ́ náà.